Àkọ́rọ̀ Lórí Iyanrìn

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ ọgbà ni mo ń ṣe ní agbègbè Lekki àti Ajah, òdòdó ẹnu ọ̀nà àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan yóò tẹ̀ lé e, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ bi mí ní gbangba: kí ni ó lè hù lórí iyanrìn? Ó ti di ọdún kẹtàdínlógún báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, láti Ìkátẹ̀ títí dé Ṣàngótẹ̀dó, ìbéèrè kejì yẹn ni ó sì ṣe pàtàkì lójú mi. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíríámà ń ka ìtàn àgbẹ̀ nínú ìwé Yorùbá. Wọ́n ń ka ebè, wọ́n ń ka poro, wọ́n ń ka ilẹ̀dú tí iṣu ta sí. Bí wọ́n bá jáde síta, iyanrìn funfun ni wọn yóò bá, tàbí kọnkéré. Ó wá ń dà bí ẹni pé èdè inú ìwé kò bá ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé mu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó bá a mu ju bí a ti lérò lọ, àfi kí á mọ ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́.

Ọ̀sà Èkó wà ní àríwá Lekki, òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù rẹ̀. Ìgbì òkun ni ó kó ọ̀pọ̀ iyanrìn ibẹ̀ jọ láti ayébáyé, àbàtà sì wà láàrin àwọn òkìtì iyanrìn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ti rí kí ilé tó bò ó, kí ó lọ sí Lekki Conservation Centre, igbó hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation ti ń dáàbò bò láti ọdún 1990. Afárá kan wà níbẹ̀ tí a fi ń rìn láàrin orí igi, ó gùn ní mítà 401. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ibẹ̀ dé, afárá yìí nìkan ni wọ́n máa ń ròyìn. Mo máa ń bẹ àwọn olùkọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà ni ó sì dá a. Igbó ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀dú lórí iyanrìn, kò ra á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ibi tí a ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀. Wọ́n fa iyanrìn jáde láti inú ọ̀sà, wọ́n fi dí àbàtà, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí àfọ́kù ìkarahun nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á, iyọ̀ lè wà nínú rẹ̀, ó di ẹ̀yìn òjò bíi méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó ṣàn dànù. Omi kì í dúró nínú iyanrìn, oúnjẹ ewéko sì máa ń bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù Òkúdu, mo lè gbẹ́ ihò tí kò ju orúnkún lọ kí omi sì yọ. Ilẹ̀ kan náà ni òùngbẹ ń gbẹ ní Ṣẹ́rẹ́, tí ó sì ń mu omi yó ní Òkúdu. Gbogbo ọgbọ́n olùtọ́jú ọgbà ní àdúgbò wa kò kọjá kí ó bá ilẹ̀ yìí fa omi àti oúnjẹ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí ó sì gbé gbòǹgbò sókè nígbà tí omi bá pọ̀ jù.

Ibí yìí gan-an ni èdè ti ń ràn mí lọ́wọ́. Àwọn baba wa kò pe òjò ní orúkọ kan ṣoṣo. Òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rùn ni àkọ́rọ̀. Èyí tí ó bá rọ̀ kẹ́yìn kí ẹ̀rùn tó wọlé ni àrọ̀kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ tú ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀ lójú pátákó: à, kọ́, rọ̀, à, rọ̀, kúrò. Orúkọ oṣù kẹwàá, Ọ̀wàrà, sì bá ọ̀wàrà òjò mu, èyí tí ó máa ń dà sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n yí agbada dé. Kàlẹ́ńdà ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àgbẹ̀ ni ó ṣe wọ́n. Mo ti gbé wọn wò lórí iyanrìn Ajah, wọ́n sì ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni ti àkọ́rọ̀ fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ amọ̀ ní òkè ọ̀hún, àgbẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé òjò ńlá kan tàbí méjì ní ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ yóò tọ́jú omi pamọ́ fún irúgbìn. Lórí iyanrìn wa, àkọ́rọ̀ ẹlẹ́tàn ni. Yóò rọ̀ lónìí, erùpẹ̀ yóò máa ta sánsán, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn, ní ọ̀túnla ilẹ̀ yóò ti gbẹ fúrúfúrú. Nítorí náà, n kì í gbin ohunkóhun sí àkọ́rọ̀. Mo máa ń fi í rin àkìtàn mi ni, n óò sì dúró de òjò gidi kẹta. Ó sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù Igbe.

Mo dárúkọ àkìtàn. Ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ìyá gbogbo iṣẹ́ tí ó kù. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé àkìtàn kò ju ibi ìdalẹ̀nù lọ. Bí wọ́n bá bi àwọn ìyá àgbà, wọn yóò gbọ́ pé ibi tí ẹ̀fọ́ ti máa ń ṣe dáadáa jù lẹ́yìnkùlé ni àkìtàn, tí tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ máa ń hù fúnra wọn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Ọ̀rọ̀ kejì tí ó bá a rìn ni ajílẹ̀, ohun tí ó ń jí ilẹ̀. N kò rí orúkọ tí ó dára ju èyí lọ. Iyanrìn kò kú, ó kàn sùn ni.

Bí mo ti ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá ibi tí omi kì í dúró sí, n óò sì ṣe é ní mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, mítà kan ní gíga, nítorí pé bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í móoru. Ewé gbígbẹ àti pákó rírẹ́ tí ó kúnná ni ó máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi garawa mẹ́ta sí garawa kan ohun tútù: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ̀fọ́ tí ó rà lọ́jà. Bí mo bá rí ìgbẹ́ adìẹ, mo máa ń fi díẹ̀ kún un, n kì í sì í da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí ìdí ẹ̀fọ́ láéláé, nítorí pé ó máa ń jó gbòǹgbò. N kì í fi ẹran, egungun tàbí ọbẹ̀ kún un, àfi bí mo bá fẹ́ ṣe eku ní àlejò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, n óò yí i padà. Nínú ooru Èkó, oṣù méjì sí mẹ́ta ti tó. Bí ó bá ti jinná, kò ní í rùn mọ́, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ni yóò máa ta.

Ní ti eérú, ó yẹ kí n kì yín nílọ̀. Gbogbo ìwé àgbẹ̀ ni ó yin eérú, òótọ́ sì ni fún ilẹ̀ tí ó kan. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó kún fún ìkarahun kò kan rárá, eérú yóò tún tì í jìnnà sí ohun tí ẹ̀fọ́ fẹ́ ni. Ẹ fi eérú sílẹ̀ fún ibòmíràn.

Àwọn kan yóò ní, èéṣe tí a kò kàn ra ilẹ̀dú? Wọ́n ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, nínú àpò àti nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Òmíràn dára. Òmíràn sì jẹ́ ẹrẹ̀ àbàtà lásán tí ó dúdú nítorí pé ó tutù. Oníbàárà mi kan ra ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ti bá ọ̀nà rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilẹ̀ náà le bí àwo, ewé gbogbo ohun tí a gbìn sí i di pupa rúsúrúsú. Ẹrẹ̀ láti inú igbó ẹ̀gbá omi oníyọ̀ máa ń kan gan-an bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu díẹ̀, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ẹ sọ fún ọlọ́jà pé ó dàbọ̀.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì gba owó kankan. Kí olúkúlùkù mú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ wá, kí wọ́n bu ilẹ̀ dé ìdajì, kí wọ́n da omi kún un, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì mì í kíkankíkan. Kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, iyanrìn yóò ti rọ̀ sísàlẹ̀. Erùpẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ lè má rọ̀ tán títí di ọjọ́ kejì, ewé jíjẹrà yóò sì léfòó. Kí wọ́n fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti máa ń ran ọgbà wọn lọ́wọ́ ní apá Ajah, ìgò mẹ́ta ni a fi ṣe é: ọ̀kan láti inú pápá, ọ̀kan láti abẹ́ igi èbélébọ́, ọ̀kan láti inú àkìtàn wa tí ó ti pé ọdún méjì. Ti pápá jẹ́ iyanrìn láti òkè délẹ̀, omi orí rẹ̀ sì mọ́ gaara kí agogo tó lù. Ti àkìtàn ṣì dúdú títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Bàbá, ṣé iyanrìn kan náà ni?" Mo ní iyanrìn kan náà ni. Ó gbé ìgò méjèèjì sókè sí ojú ọ̀run, ó sì ń wò wọ́n títí.

Láàárín Igbe sí Ẹ̀bibi ni ìgbà ẹ̀fọ́. Ewédú ni mo máa ń gbìn ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fọ́n èso ewédú tí kì í hù, wọn a sì di ẹ̀bi ru ẹni tí ó tà á. Èèpo èso náà ni ó le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ inú omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì rì í sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sá a sí ibòòji kí ó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Èso tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ kéré jù láti fi ọwọ́ fọ́n, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà hù jọ sójú kan. Nǹkan kan nìyí tí iyanrìn wa wúlò fún láìsí àríyànjiyàn.

Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ rárá, àpò ìrẹsì tó. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pò iyanrìn ìdajì mọ́ àkìtàn jíjinná ìdajì. Ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kí omi òjò má baà mu ún láti ìsàlẹ̀. Àpò mẹ́rin yóò bọ́ agboolé kékeré ní ewédú àti tẹ̀tẹ̀ títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró díẹ̀. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ sì ti fò sókè, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀fọ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń gbé owó ọkọ̀ rẹ̀ lé orí àwo wa.

Nígbà tí ó bá di Òkúdu àti Agẹmọ, omi ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Agẹmọ ọdún 2011 kò ní í gbàgbé bí òjò ti rọ̀, tí ọ̀nà di odò. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bo gbogbo àgbàlá wọn pẹ̀lú òkúta ìntalọ́kì. Ìyá kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní apá Badore pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá ọlọ́gbà, ẹ má bínú, mo fẹ́ kí ẹ hú gbogbo rẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí ti sú mi, mo fẹ́ kí ó mọ́ tónítóní."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣírò kan ná." Òrùlé rẹ̀ tó mítà mẹ́wàá ní ọ̀nà méjèèjì. Bí òjò bá rọ̀ tí ó tó milimítà 10 péré, òjò tí kò tóbi rárá, omi tí yóò ti orí òrùlé náà ṣàn jẹ́ lítà 1,000. Dúrọ́ọ̀mù márùn-ún ni, bí ọ̀kan bá gba lítà 200. Ó dákẹ́. Mo bi í níbi tí ó fẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù márùn-ún náà gbà lọ bí a bá ti di ilẹ̀ lójú. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà náà ni omi aládùúgbò rẹ̀ ti ń gbà wọlé tọ̀ ọ́ wá.

A kò hú gbogbo rẹ̀. Ó bo ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ó sì fi mítà méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yíká. A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀ tí a kó òkúta wẹẹrẹ sí nísàlẹ̀, a gbin efinrin, ewé ọbẹ̀ kíkan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí etí rẹ̀. Omi ṣì máa ń dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn ọ̀wàrà òjò, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a mu ún. Ní ilé kejì sí tirẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọn kò gbà. Wọ́n bo gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ mi sì tán níbẹ̀. N kò lè sọ pé mo borí. Bí ilé mẹ́wàá bá wà ní òpópónà tí mẹ́sàn-án sì di ojú ilẹ̀ wọn, kòtò ilé kan kò lè gbé ẹrù gbogbo wọn.

Ní oṣù méjèèjì yìí, ẹ má gbin tòmátì. Àrùn ewé yóò pa á. Ẹ gbin gbúre, nítorí pé òun fẹ́ràn omi. Ẹ mọ ebè ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ má da ajílẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òjò yóò gbá a lọ sínú kànga ni. Díẹ̀díẹ̀ ni, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ìgbín yóò jáde ní alẹ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n. Ohun tí ẹ bá fi wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò kàn mí.

Oṣù Ògún jẹ́ ẹ̀bùn. Òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní etíkun wa, nítorí pé ẹ̀kún òjò ti kọjá sí òkè, omi òkun ìhà wa sì tutù ní àkókò náà. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn láti yí àkìtàn, láti gé ewúro kí ó tún rú, láti fi ẹ̀ka rẹ̀ gbin òmíràn, àti láti fọ́n èso ata àti tòmátì sínú ike kéékèèké lábẹ́ ibòòji. Bí òjò bá padà dé ní Owewe, wọn yóò ti ní ewé mẹ́rin. Bí àrọ̀kúrò bá fi máa lọ ní òpin Ọ̀wàrà tàbí nínú Bélú, wọn yóò ti múlẹ̀, wọn yóò sì so nínú ẹ̀rùn nígbà tí àrùn ti dínkù.

Ẹ̀rùn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ má jẹ́ kí ó kan ìdí igi. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòòji fún ohun tí ó ṣì kéré. Ẹ bomi rin ín ní kùtùkùtù. Ẹni tí ó ń lo omi kànga ní ìtòsí òkun tàbí ọ̀sà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé bí omi dídùn bá ti dínkù lábẹ́ ilẹ̀, omi iyọ̀ lè sún wọlé. Ẹ da ago kan sínú àwo dúdú kí oòrùn fà á gbẹ. Bí funfun púpọ̀ bá kù sílẹ̀, ẹ má fi omi náà sí ìdí ata àti ẹ̀wà. Àgbọn lè fara dà á. Bí ọyẹ́ bá dé ní Ọ̀pẹ̀ tàbí Ṣẹ́rẹ́, tí ètè ń là, ẹ mọ̀ pé ewé náà ń là.

Àsìkò yẹn náà ni a ń kó irúgbìn. Nínú ebè ewédú, mo máa ń fi igi mẹ́ta tí ó dára jù sílẹ̀ láti Ọ̀wàrà, n kì í já ewé wọn. Bí èso wọn bá ti gbẹ tí ó sì ń dún ṣakaṣaka, kí ó tó là, n óò gé e, n óò pa á, n óò sì fẹ́ ẹ. N óò tú u sínú ìgò gbígbẹ, n óò bu eérú díẹ̀ lé e lórí nítorí kòkòrò (eérú rí iṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn), n óò dé e pinpin. Lẹ́yìn náà n óò kọ oṣù àti ọdún sí i lára, àti orúkọ ibi tí ó ti hù: Ajah, orí iyanrìn.